Bọ́tìnì Tí Àtàǹpàkò Bàbá Jẹ Tán

Rìmóòtù mẹ́rin ló wà lórí tábìlì Màmá ní Kubwa:
ti tẹlifíṣọ̀n, tí a fi ọ̀rá wé bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín,
ti dikódà, tí rọ́bà pupa gbá ìdí bátìrì rẹ̀ mú,
ti ẹ̀rọ dífídì tó ti kú láti ọdún tí wọ́n la títì wa,
ti rédíò ńlá tó ń fọhùn bí ẹni tó wà nínú kànga.
Bó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn aago mẹ́sàn-án,
á mú èkíní, á gbé e jìnnà sójú, á sún un mọ́jú,
á ní, "Ìwọ kọ́." Á mú èkejì.
Kó tó kan èyí tó tọ́,
wọ́n ti dé orí ojú ọjọ́:
eruku ọyẹ́ ní Kano, eruku ọyẹ́ ní Sókótó.

Mo gba Wuse lọ lọ́jọ́ Sátidé.
Malam Iliyasu fẹ́ eruku kúrò lára páálí kan,
ó ní, "Hajiya, ẹyọ kan yìí, ó ju mẹ́rin lọ."
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló pè é. A ná an dé mẹ́rin ààbọ̀.
Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà,
orúkọ tẹlifíṣọ̀n gbogbo ayé àti nọ́ńbà wọn.
Ti wa ò sí níbẹ̀.
Bàbá ló rà á ní Kàdúná lọ́wọ́ ẹni tó ń kó padà sílùú rẹ̀;
ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé.

Mo tẹ bọ́tìnì ìṣètò títí iná pupa fi tàn.
Mo tẹ òdo, òdo, ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n ń wò mí.
Òdo, òdo, méjì. Ó ń wò mí.
Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́rin
nígbà tí Shekwolo, ọmọ onílé, wọlé wá gba omi.
"Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́ ọmọdé."
Ó to àgbà àti ọmọdé sórí tábìlì, orí sí orí,
bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn.
Wọn ò kàn. Mo tẹ ti àgbà,
iná ọmọdé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.
Títàn: ó gbọ́. Pípa: ó gbọ́.
Gbígbé ohùn sókè: ó gbọ́ kedere.
Mo wá tẹ èyí tó ń rẹ ohùn sílẹ̀.
Iná ò ṣẹ́jú.
Mo fi ìdí bírò tẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan.

Mo tú u. Àmì dúdú wà lábẹ́ gbogbo bọ́tìnì tó kù,
àmọ́ ibi tiẹ̀ funfun báláú.
Àtàǹpàkò Bàbá ti jẹ ẹ́ tán.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka pa á lára.
"Èmi ni," ló wí.
"Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, kí ọ̀rọ̀ tó jáde,
á ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀,
ì báà jẹ́ pé wọ́n ń gbá góòlù wọlé lọ́wọ́.
Á ní, 'Àyọ̀ká, mo ń gbọ́.'
Ọdún mọ́kàndínlógójì."
Ó dá a padà fún mi.
"Ṣé ìyẹn nìkan ni tuntun yìí ò mọ̀?"
Ìyẹn nìkan ni.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹyọ kan ló kù lórí tábìlì báyìí.
Ó mọ dikódà, ó mọ rédíò, ó mọ òkú dífídì pàápàá.
Ṣùgbọ́n bí Màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kí n dìde,
kí n rìn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, kí n fọwọ́ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Nígbà míì, kí n tó padà jókòó,
ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Lálẹ́ àná, NẸ́PÀ mú iná lọ láàárín bọ́ọ̀lù.
Gbogbo àdúgbò kígbe. Jẹnẹrétọ̀ ará ìkejì ń wúkọ́, kò jí.
Nínú òkùnkùn, mo rí iná pupa kékeré
tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú, sára ògiri:
àtàǹpàkò Màmá ń wá nǹkan.
Mo ní, "Màmá, mo ń gbọ́."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ìwọ náà," ló wí. "Mi ò tíì la ẹnu."