Ihò Mẹ́ta Lápá Ọ̀tún

Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ. Ní ìhà Kuhmo,
ewé igi eléèpo funfun ti di pupa rúsúrúsú,
ìrì dídì bo koríko bí iyọ̀.
Mo gbé ìbọn Bàbá jáde nínú àpótí irin.
Òórùn òróró àti tábà rẹ̀ ṣì wà lára igi ìdí rẹ̀.

Ensio aládùúgbò ló fi ọkọ̀ gbé mi
lọ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ nígbà kan.
Ó lẹ bébà mọ́ pákó, ó fi báírò pupa ya róbótó sáàárín,
ó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bọ̀, ó ń kà á síta.
Ó gbàgbé iye rẹ̀ lójú ọ̀nà,
ó padà, ó tún un kà láti oókan.

Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní rọ́bà,
mo gbé ẹnu ìbọn lé àpò iyanrìn.
“Má fà á bí ẹni fa ilẹ̀kùn tó há.
Rọra fún un, bí ìgbà tí o ń fún wàrà.
Mí sínú. Mí ìdajì jáde.
Ibi tí èémí bá ti dá, ibẹ̀ ni kí ọta ti lọ.”

Gbàù.
Ìdí ìbọn gbá mi léjìká.
Gbàù. Gbàù.
Igbó gba ohùn náà, ó dá ààbọ̀ rẹ̀ padà fún wa.

A rìn lọ wò ó. Róbótó pupa mọ́ tónítóní.
Ihò mẹ́ta wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún,
wọ́n sún mọ́ra bí ọmọ ìyá lórí ibùsùn kan,
owó onírin kan ṣoṣo ì bá bò wọ́n.
Ensio fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Ìwọ kọ́,” ni ó wí.
“Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣìnà síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ìgbà náà ni mo wo awò orí ìbọn dáadáa.
Òrùka irin tó dì í mú ti wọ́,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ wọnú, díẹ̀ báyìí,
bí ibi tí eyín ọmọdé gé lára búrẹ́dì.

Mo rántí àtẹ̀gùn ilé ìwẹ̀ olóoru,
yìnyín lórí rẹ̀, Bàbá nílẹ̀,
orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ìbọn ló ń nù.
“Nǹkan kan ò ṣe é,” ni ó wí.
Nígbà ìkórè ọdún náà, ó ta hirvi méjì tì,
àwọn ẹtu ńlá oníwo gbàràgàdà yẹn, wọ́n kàn wò ó, wọ́n lọ.
Ìkẹta, ó ṣá a lọ́gbẹ́ lásán;
ajá tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú àbàtà títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn ń rọra sọ̀rọ̀
bí ẹni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.
Ẹnìkan ní, “Ojú ló ń di ti àgbà, ọ̀rẹ́. Ó tó kí o gbé e kalẹ̀.”
Ó gbé e kalẹ̀.
Ọdún mẹ́rin ló fi ń se kọfí fún àwọn ọdẹ,
ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wá.
Oṣù kẹta tó kọjá la sin ín.

Mo yí awò náà. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Méjìlá sókè, mẹ́rìnlá sí òsì.
Mo mí ìdajì jáde.
Ọta gba àárín róbótó kọjá, pupa fò dànù.

Ensio ò yìn mí.
Ó ti ká bébà àkọ́kọ́, ó ti kì í bọ àpò àyà,
ó ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kò wọlé.
Ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà lẹ́bàá àbàtà,
mi ò béèrè ti ta ni.
Ó ní kí n tún ta mẹ́ta sí i, kó lè dájú.
Mo ta á.
Kò wo ibi tí wọ́n bà.