Lẹ́tà tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ, Ìbíyẹmí,
kí n kọ ọ́ sórí bébà olóǹtẹ̀ ìjọba,
kí n má fi àwàdà kankan sí i.
Mo ti jókòó sí Aláùsá láti aago mẹ́jọ.
Fáànù òkè ń yí bí ẹni tó ń ronú gbèsè.

Ti àkọ́kọ́ nìyí:
"Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi,
ó ń pe àlejò tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó.
Ọdún mẹ́ta ni ẹ ò ní san owó orí.
Ìwé àṣẹ yín yóò jáde láàárín ọjọ́ méjì.
Ilé alájà mẹ́rin ti dìde fún yín ní Yàbá,
okùn íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlẹ̀ níbẹ̀,
ó nà tàn-ràn bí iṣan lábẹ́ awọ."
Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ti di akéwì."
Ó fi báírò pa iṣan rẹ́, ó pa awọ náà rẹ́.
Mo fẹ́ fi kún un pé àjò ò lè dùn kí onílé má relé,
àmọ́ mo rántí pé lánlọ́ọ̀dù Yàbá ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan.
Ta wá ni onílé?

Èkejì, mi ò fi hàn án.
Mo ní: ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ
lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, ní Èbúté Mẹ́tta,
níbi tí àwọn rédíò tóhùn wọn ti há
ti máa ń tò bí aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà dókítà?
Ìwọ lo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, imú kún fún èéfín òjé.
Bàbá á ní, "Má wo ọwọ́ mi. Wo ibi tí iná ń gbà."
Kọmíṣánnà kankan ò wá gé rìbọ́ọ̀nù níbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pè é ní ibùdó ìmọ̀ tuntun.
Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ la gọ́tà,
katapílà ló wá kí i kú iṣẹ́.

O lọ. Ìbejì ilé Adéfarakàn náà lọ.
Àwa tó kù ń wo yìnyín yín lórí fóònù.

Ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà kan wà ní Yàbá báyìí, Wanjírù.
Irú lẹ́tà yìí ló gbé e dé.
Lọ́jọ́ kẹta, ínfátà rẹ̀ jó,
ó jókòó sínú òkùnkùn, tòun ti ìwé àṣẹ ọlọ́jọ́ méjì.
Ọmọkùnrin kan láti Mákókò ló kanlẹ̀kùn, Sẹ̀jírò.
Ó tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tò ó padà,
kò gba kọ́bọ̀.
Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ́ mi lédè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́."
Wanjírù ní òun ì bá ti padà sílé.
Ó ní ọ̀rọ̀ owó orí kọ́ ló dá òun dúró.

Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná.
Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè,
tí kì í fẹ́ kéèyàn wo ọwọ́ òun.

Lẹ́tà tọ̀gá ló wà nínú àpòòwé yìí, Ìbíyẹmí,
òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́, gírámà rẹ̀ pé.
Ṣùgbọ́n yí i padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀,
mo fi pẹ́ńsù kọ ẹ̀kẹta síbẹ̀:

Iná ṣì ń lọ. Òjò ṣì ń wọ Ìwáyà.
Tó o bá ń bọ̀, mú tọ́ọ̀ṣì rẹ dání.
Ọmọ tó máa bá ọ dì í mú ti pọ̀.