Ìdè Apá Kápútéènì

Èmi ni mo rán ìdè apá yẹn,
aṣọ funfun, rọ́bà inú rẹ̀ láti ara síkẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́.
Nígbà tí Fálọdún ń so ó, mo fi ìka méjì kún un,
torí apá rẹ̀ kí bí ọmọ odó.
Nígbà tó kan Ìdògbé, mo tún ká a wọlé.

Gbogbo ẹni tó bá gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀kẹ̀sà
ló ń bi mí pé ta ló dára jù nínú àwọn méjèèjì.
Ẹlòmíì á jiyàn títí, á gbàgbé ṣòkòtò síbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kì í sùn lẹ́sẹ̀ Fálọdún.
Bó ti ń bọ̀ lókè ló ti mọ ilé tó ń lọ.
Á sì pariwo! "Pópóọlá, ìwọ ni mò ń bá wí,
ṣé o ti kú ni?"
Ẹni tó ń ta epo lójú títì á gbọ́, á sì wo ara rẹ̀.
Mo rí i tó gbá a gba orí èèyàn mẹ́fà
síbi tí ẹnì kankan kò sí,
kí n tó ṣẹ́jú, Pópóọlá ti wà níbẹ̀. Góòlù!
Mo tún rí i ní Ìpetu tó gbá irú rẹ̀ gan-an
sínú oko kòkó.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdògbé ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo.
Òṣómàáló ni bàbá mi,
ó ta aṣọ láwìn káàkiri abúlé,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti ìdájí, kò ní bú, kò ní lọ.
Bí Ìdògbé bá ti tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, bàbá mi ni mò ń wò.
Ó ń wo fèrèsé, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé,
ó mọ̀ pé wọ́n máa jáde ṣáá ni.
Wọ́n á sì jáde wá bá a lóòótọ́, ọ̀kan, èkejì,
wọ́n á fi ilé wọn sílẹ̀ gbayawu,
á wá rọra ti bọ́ọ̀lù gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Ṣùgbọ́n onígbèsè mìíràn a máa gba ẹ̀yìn sá.
Bàbá mi kú, ìwé gbèsè ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́dún tí a bá Òsú pàdé, a rí pẹ́náritì.
Orúnkún Fálọdún ti wú. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ gbogbo wọn,
ó gbá a, ó lọ sójú ọ̀run.
Ó dojú kọ wa, ó na ọwọ́ sókè: "Èmi ni. Ẹ bú mi."
A sì bú u. Mo bú u dé ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Òsú náà ni, pẹ́náritì náà ni.
Ìdògbé gbé bọ́ọ̀lù fún Àńjọọ̀rìn,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń fi apá jẹ́sì nu imú.
Ó wọlé! Wọ́n gbé Ìdògbé káàkiri Ẹrẹ́jà,
wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ èèyàn wò.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo jókòó sẹ́bàá ìlà lọ́jọ́ náà,
mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdè tí mo rán,
ó ń gbọ̀n,
ó ń fa rọ́bà, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń fà á.
N kò sọ fún ẹnì kan.

Ìdè náà ti já báyìí, ó wà lórí máṣíìnì mi.
Òógùn ẹni méjì ló wà lára rẹ̀, n kò mọ ti ta ni ti ta.
Ẹ̀yin ẹ máa jiyàn yín lọ.
Ọ̀gbẹ́ni, owó ṣòkòtò yín ńkọ́?
Ẹ wò mí, mo ti lóṣòó.