Àwọ̀ Ewé

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fún mi ní ọsibítù, pé kí n máa fi wọn apá ọmọdé.
Ó ní pupa, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó ní àwọ̀ ewé.
Lọ́dún tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró
mo gun òkè Lèsótò dé Ha Mokhethi,
mo fi okùn yí apá Pontšo, ọmọ ọdún méjì.
Okùn dé orí pupa, kò dúró,
ó ṣì ń fún lọ, bí ẹni tí kò tí ì bá ẹran pàdé.
Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ń jẹun o. Ó ń yó."
Lóòótọ́ ló ń yó.
Àgbàdo láàárọ̀, àgbàdo lọ́sàn-án,
lálẹ́, àgbàdo pẹ̀lú iyọ̀.
Ikùn kún, ọmọ ò kún.

Ní ilé tó tẹ̀ lé e, mi ò bá ọmọ.
Aṣọ rẹ̀ ni mo bá, wọ́n ti ká a.

Limakatso, arúgbó tí eyín rẹ̀ ku mẹ́ta, ló sọ ọ́:
"Olè kó màlúù Ramohapi lọ, ṣùgbọ́n ọgbà màlúù ti wó síbẹ̀.
Wọn ò kó òkúta. Kí la ń fi òkúta ṣe?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní ń gbin ẹ̀fọ́ sínú òkúta?
A kó o ṣá, àwa obìnrin mọ́kànlá,
àti Tlali tó ti ibi ìwakùsà bọ̀ pẹ̀lú ikọ́ tí kì í lọ,
tó ń gbé òkúta kan, tó ń sinmi òkúta méjì.
A mọ ògiri róbótó dé ìbàdí,
a yọ ẹnu sí i bí ihò kọ́kọ́rọ́,
a da eérú sí i, egungun, agolo tó ti dípẹtà,
a ri agbọ̀n koríko mọ́ àárín rẹ̀
kí omi ìfọwọ́ má lọ lásán mọ́.

Oṣù kọkànlá, yìnyín bọ́.
Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.
Limakatso bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ewé tó ya:
"Yìnyín ti bá wa rẹ́ ẹ. Ẹ gbé ìkòkò wá."

Pontšo tu ú dànù lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó gbé e mì, ó wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ìyá aláṣọ kíká yẹn ló ń bomi rin ín jù wá lọ.
Mi ò bi í. Kò sọ.

Lónìí mo tún fi okùn yí apá náà.
Ìyeyè ni. Mi ò ní purọ́, ó ṣì ku díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀, eyín rẹ̀,
ìka márààrún tó fi di ọwọ́ mi mú,
àwọ̀ ewé ni.