Ògbufọ̀

Dókítà béèrè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà:
"Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí màmá ń lò
yàtọ̀ sí oògùn tí a kọ fún wọn?"
Mo yí i sí Yorùbá. Mo yí i dáadáa,
n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́.
Ìyá mi wo àwòrán ọkàn tó wà lára ògiri,
wọ́n wo bàtà wọn,
wọ́n ní, "Sọ fún un pé omi ni mò ń mu."

Omi.
Omi tó dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná,
tó wà nínú ike Lúkósédì, láàárín mílíìkì àti bọ́tà,
tí ọmọ mi obìnrin fi tádàwá pupa kọ MÁ MU sí lára
nítorí ó ti mu ún rí.
Èèpo igi tó bá wọn wọ bàálù láti Ìgbájọ,
tí wọ́n wé mọ́ àárín súwẹ́tà;
ajá aṣọ́bodè ní Manchester gbóòórùn rẹ̀,
ó sín, ó kọjá lọ.

Mo kọjú sí dókítà. Mo ní, "Kò sí."
Ọ̀rọ̀ kan péré ni lédè Gẹ̀ẹ́sì.
Mo gbé e gun òkè Huddersfield lábẹ́ òjò,
ó wúwo ju ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ mi kejì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, n kò rí ohun tó gbá wọn,
síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ apá wọn
bí ẹni tó fọwọ́ bọ aró tó wá dì wọ́n mú.
Mo gbé ike sórí tábìlì. Mo gbé páálí oògùn tì í.

"Èyí ni bàbá rẹ fi lé ibà lára rẹ
nígbà tí o ṣì ń rákò.
Ìwé inú páálí yẹn ńkọ́, o ti kà á?
Ó ní ó lè fa èébì, ó lè fa òòyì, ó lè pa èèyàn.
Àgbo tèmi kò kọ irú ẹ̀ sára."
"Nítorí kò mọ̀wé ni, Màmá."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò fẹ́ rín in.

Màmá Hirst tó múlé tì wá ló nawọ́ kọjá ọgbà,
ó tọ́ka sí òdòdó aláwọ̀ àlùkò lẹ́bàá ògiri òkúta,
èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ ọmọ ìka.
Ó ní májèlé ni, ìyá òun kì í jẹ́ káwọn fọwọ́ kàn án;
ó tún ní oògùn ọkàn tóun ń lò láàárọ̀,
inú ewé yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fà á jáde.
Ìwọ̀n ló yà wọ́n.
Mo yí ìyẹn náà sí Yorùbá.
Ìyá mi dákẹ́ títí aṣọ fi gbẹ lórí okùn.
"Ta ló wọ̀n ọ́n?"
N kò mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fa ike yọ nínú báàgì,
wọ́n gbé e síwájú dókítà, ó dún gbì.
Gẹ̀ẹ́sì tiwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ:
ṣé ó lè bá wọn wọ̀n ọ́n?
Dókítà ṣí i, ó ṣe bí ajá Manchester.
Ó ní òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀,
kí wọ́n ṣáà dá a dúró ná, òun á béèrè;
kí ni wọ́n ń pe igi náà?

Ó wò mí. Ìyá mi wò mí.
Mo wá a lórí ahọ́n, mo wá a nínú fóònù,
èmi tí "kò sí" kò fún ní wàhálà.

Ìyá mi ló pè é, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn,
ọ̀gànwó,
dókítà sì ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀.
Màmá na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà.
"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é," ni wọ́n wí fún mi,
"ṣùgbọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀."