Kókó, Kòkó

Láàárọ̀, kí n tó forí lé ilé ìwé l'Òkè-Báálẹ̀,
màá gún ìka ìyá mi lábẹ́rẹ́.
Ẹ̀rọ á ké píì: ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta.
"Ṣé ó ti wálẹ̀?" "Ó ń bọ̀, Màmá."
Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́
sí dókítà tí a ò mọ̀ ju ojú kékeré
inú òrùka róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.
N ò tíì dé títì rélùwéè, èsì ti dé:
Ẹ dín ìrẹsì kù.
Ìyá mi ní, "Dókítà yìí mà gbọ́n o!
Ó mọ̀ pé mo jẹ ìrẹsì lánàá."
Èmi ni mo tú àṣírí. N ò jẹ́wọ́.

Lóru ńkọ́,
tí Bàbá Tèmídire bá ti ń han-un-run,
màá faṣọ borí bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò,
màá tẹ ohun tí ẹnu mi ò tíì lè pè:
koko ninu omu osi.
Nítorí n ò fi àmì ohùn sí i,
oko kòkó ló kọ́kọ́ kó wá bá mi,
iye tí wọ́n ń ra àpò kan l'Óńdó.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Mo fi àmì sí i. Ó wá yé e.
Ọ̀kan ní wàrà ló dì, kí n fọkàn balẹ̀.
Ọ̀kan ń ta àgbo inú ike, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà.
Ọ̀kan ṣáà sọ wẹ́rẹ́: jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́,
bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ ara rẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbá a.

Ní Sátidé, ìyá mi gba fóònù, ó fẹ́ gbọ́ ìwàásù.
Ìpolówó já wọlé láàárín àdúrà:
obìnrin kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọmú.
Màmá ò mọ̀wé. Ó mọ àwòrán.
Ó wò mí, ó pẹ́.
"Àwẹ̀ró, ìwọ tí ń ya ẹ̀jẹ̀ mi ní fọ́tò,
ta ní ń ya tìrẹ?"

Orí ibùsùn rẹ̀ la jókòó sí.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí bí òkòtó, a ń dúró dè é,
títí ojú ewé ilé ìwòsàn fi ṣí.
Wọ́n bèèrè orúkọ.
Mo kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀,
kí wọ́n má baà ṣì mí mú.