Ọ̀nínì Kan ní Ìgbórè

Ṣóẹ̀tán fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè,
ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ẹ̀rọ kan
tó rí bí ìgbálẹ̀ tó wọ àwo sẹ́sẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ ní, "Òrùlé wa ń jò."
Ó ní, "Mo gbọ́."
Ó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, ó wá kanlẹ̀kùn mi.

Ahoro ilé wa ní Ìgbórè ló fẹ́ dé,
ibi tí ọjà alẹ́ wà kí wọ́n tó la títì,
tí ewúro ti gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ onílé.
Mo ní kò sí ohun tó sọnù síbẹ̀.
Irọ́ ni mo pa.

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
lónìí kì í ṣe ọkọ́ la gbé wá.
Àwo la fi ń pa ọ́ lórí, jẹ́jẹ́,
etí la tẹ́ sí ọ.

Ẹ̀rọ ké kíún. A gbẹ́ ẹ: ìdérí ìgò.
Ẹ̀rọ ké kíún. Ìṣó mẹ́ta, ìpẹtà ti so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ìyá.
Ó tún ké, ó ké gan-an, Ṣóẹ̀tán ti ń rẹ́rìn-ín,
agolo sadíìnì ni, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́ kan tí kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.
Oòrùn gun Olúmọ, ó jókòó síbẹ̀.
Àwọn ọmọ àdúgbò pé lé wa lórí,
wọ́n ní ṣé epo bẹntiróòlù la ń wá ni.
Ọmọ́yẹni, tó kéré jù nínú wọn,
ní ká bá òun wá yẹtí òun,
igi ìgbálẹ̀ lòun fi ń dí ihò etí látọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.
Efúnyẹlá, ìyá tó bí ìyá mi,
ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n rán an lọ ra iyọ̀.
Ọ̀nínì kan, ẹyọ kan ṣoṣo, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó fi ihò rẹ̀ wo òṣùpá,
ó fi wo àtùpà àwọn ọlọ́jà,
ó ń fi wo ayé lọ títí ó fi kọsẹ̀.
Wọ́n nà án. Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà tẹ́.
Ó di ìyá, ó di ìyá àgbà,
ó ra ilẹ̀, ó rán ọmọ mẹ́fà níléèwé,
ṣùgbọ́n tó bá ń kọjá níbẹ̀
orí rẹ̀ á tẹ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣa ilẹ̀ bí adìẹ.
Àwa rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan,
kò pariwo, bí ẹni tó dáhùn láti inú yàrá.
Ìka mẹ́rin wọlẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ṣóẹ̀tán fi itọ́ nù ún:
adé lójú kan,
ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lójú kejì,
erùpẹ̀ dí ihò àárín pa.
Ọmọ́yẹni yọ igi ìgbálẹ̀ etí rẹ̀,
ó fi lé mi lọ́wọ́.
Mo fi gún un. Ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ṣóẹ̀tán ní irú rẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn,
kò lè ra páànù kan fún òrùlé ẹnikẹ́ni.
Ta ló sì lè búra pé tirẹ̀ ni?
Ọjà alẹ́ fún ọdún gbọọrọ,
ọmọ mélòó ni kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀?
Mo gbé e sójú.
Olúmọ kéré bí hóró ẹ̀wà,
òrùlé tó ti pọ́n tẹ̀lé òrùlé tó ti pọ́n,
àti iná kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lókè Ìtókò.

A ò rí yẹtí Ọmọ́yẹni.
A ní a ó padà wá lọ́la.

Lọ́nà ilé, mo yà, mo ra iyọ̀.
Iyọ̀ wà nílé.